Owó Tí A Kò Fọwọ́ Kà

Ọ̀rọ̀ tí akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ lọ́jọ́ àjọ̀dún

   

Nígbà tí ìgbìmọ̀ ní kí akọ̀wé sọ̀rọ̀ lónìí, a rò pé ìṣirò owó ọdún nìkan la ó kà, ká sì jókòó. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tó ti ń fa àríyànjiyàn nínú ìpàdé wa. Ṣé kí ẹgbẹ́ máa gba owó ìfipamọ́ àti owó ẹ̀yáwó tí a ń san padà láti báǹkì sí báǹkì, àbí ká ṣì máa kó owó wá sórí tábìlì bí a ti ń ṣe? Àwọn tí ọjọ́ orí wọn kéré nínú wa ní ká jáwọ́ nínú owó kíkà, pé ó ń gba àkókò, ó sì ń pe olè. Àwọn ìyá wa ní owó tí àwọn kò bá fi ojú rí, àwọn kò mọ̀ ọ́n lówó. Ìhà méjèèjì ló ní ọ̀rọ̀ gidi lẹ́nu. A ó dìbò lé e ní ìpàdé wa tó ń bọ̀. Kí ọjọ́ náà tó pé, a fẹ́ sọ ohun tí ojú wa ti rí, àti àṣìṣe tí àwa ìgbìmọ̀ fúnra wa ti ṣe.

OWÓ TI Ń PÀÀRỌ̀ AṢỌ TIPẸ́

Owó kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa yí padà. Owó ẹyọ ni àwọn ìyá ìyá wa ná. Ogójì ẹyọ ni wọ́n ń sin sórí okùn kan. Àádọ́ta okùn bẹ́ẹ̀ jẹ́ ẹgbàá, ẹgbàá mẹ́wàá sì jẹ́ ọ̀kẹ́ kan, ìyẹn 20,000 ẹyọ. Ọ̀kẹ́ kan ṣoṣo, ẹrù odidi èèyàn ni. Ẹni tó bá fẹ́ ra ọjà ńlá nígbà náà ní láti wá àlábàárù tí yóò ru owó, kó tún wá àlábàárù tí yóò ru ọjà bọ̀.

Ṣílè dé, tọ́rọ́ àti sísì dé, owó ẹyọ kúrò lọ́jà. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1973, pọ́n-ùn lọ, náírà àti kọ́bọ̀ dé, náírà méjì fún pọ́n-ùn kan. Ní oṣù kẹrin ọdún 1984, ìjọba ológun ìgbà náà pààrọ̀ àwọ̀ owó náírà, wọ́n sì ti ẹnubodè pa. Àwa tí a jẹ́ ọmọdé nígbà náà rántí bí àwọn ìyá wa ṣe ń tò sí báǹkì, tí wọ́n ń tú owó jáde láti abẹ́ ẹní àti inú ìkòkò.

Nínú gbogbo ìyípadà wọ̀nyí, ohun kan kò yí. Obìnrin ọjà lè da owó rẹ̀ sílẹ̀, kó fi ìka ara rẹ̀ kà á. Bó kàwé, bí kò kàwé, ó mọ̀ bóyá ó pé tàbí kò pé. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ kà á fún un. Èyí tó dé yìí nìkan ni kò ṣeé fọwọ́ kà. Ẹ fi èyí sọ́kàn o, torí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wa òní ń lọ.

BÍ Ó ṢE DÉ BÁ WA

Láti ọdún 2011 ni owó ti ń kúrò ní báǹkì kan dé òmíràn lójú ẹsẹ̀, nípasẹ̀ ilé-iṣẹ́ NIBSS tó so gbogbo báǹkì pọ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 2012, Báǹkì Àpapọ̀ ilẹ̀ wa, CBN, bẹ̀rẹ̀ ètò tí yóò dín owó kíkà kù ní Èkó. Ní oṣù keje ọdún 2013, wọ́n mú un dé Ògùn tiwa, pẹ̀lú Abia, Anambra, Kano, Rivers àti Abuja. Nígbà tó di oṣù keje ọdún 2014, ó kárí gbogbo orílẹ̀-èdè. Wọ́n ní ẹni tó bá fẹ́ gba owó tó ju ₦500,000 lọ lóòjọ́ yóò san nǹkan lé e.

Ká sòótọ́, ẹ̀rín la rín nígbà náà. Ta ló rí ₦500,000 lórí igbá ata? A ní ọ̀rọ̀ àwọn olówó Èkó ni. A kò mọ̀ pé ó ń bọ̀ wá bá wa lábẹ́ agbòòrùn. Díẹ̀díẹ̀ ni àwọn ọmọ tó ń ṣe POS gbé tábìlì dé ibùdókọ̀ Mowe àti Ibafo. Ẹni tó máa ń wọkọ̀ kó tó rí báǹkì wá ń gba owó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀ rẹ̀. Oníbàárà tó bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ lójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn wá ń bi wá pé, "Ìyá, ẹ fún mi ní nọ́ńbà àkáǹtì yín." Àwọn kan nínú wa ní, àwọn kan kò ní. Àwa tí a kò ní ń sọ pé, "Owó ni kó o mú wá, ọmọ mi." A sì rò pé bẹ́ẹ̀ náà ni yóò máa lọ.

ỌDÚN 2023

Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹwàá ọdún 2022, CBN kéde pé àwọn yóò pààrọ̀ owó ₦200, ₦500 àti ₦1,000. Owó tuntun jáde ní oṣù kejìlá. Ọjọ́ 31 oṣù kìíní ọdún 2023 ni wọ́n dá fún owó àtijọ́ láti kúrò nílẹ̀. Wọ́n sún un sí ọjọ́ 10 oṣù kejì. Owó àtijọ́ ń wọlé sí báǹkì, tuntun kò jáde tó.

Ṣé ẹ rántí oṣù kejì ọdún náà? Ẹni tó gbàgbé, kó bi ẹni tó ń ta tòmátì. Ọjà wọlé láti òkè ọya, oníbàárà dúró níwájú igbá, owó wà ní báǹkì oníbàárà, síbẹ̀ kò sí bó ṣe lè san án. Ẹni tó bá lọ sọ́dọ̀ oní-POS, ₦200 ni wọ́n ń yọ lórí ₦1,000, nígbà mìíràn ó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Transfer pàápàá kò lọ, torí gbogbo ayé ló dà á bo nẹ́tíwọ́ọ̀kì lẹ́ẹ̀kan náà. Tòmátì kò mọ̀ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dáa. Ọjọ́ kẹta, omi ti ń jáde lábẹ́ apẹ̀rẹ̀. A kó ọjà dànù lójú ara wa, pẹ̀lú oníbàárà tó fẹ́ rà á.

Ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹta ọdún 2023 ni Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ dájọ́ pé kí owó àtijọ́ ṣì wà ní níná títí di ìparí ọdún náà. Kí ọdún tó parí, ilé ẹjọ́ kan náà tún sọ pé kí wọ́n máa ná an lọ. Ṣùgbọ́n ohun tó bàjẹ́ ti bàjẹ́.

Kí ló gbé wa la àkókò yẹn já? Kì í ṣe owó kíkà, kì í sì í ṣe fóònù. Àwìn ni. Aláta bu ata fún ẹlẹ́ja, ẹlẹ́ja fún aláta ní ẹja, oníṣù fún onírẹsì níṣu. Akọ̀wé ẹgbẹ́ sì jókòó ní ìrọ̀lẹ́ pẹ̀lú ìwé ńlá tiwa, ó ń kọ ọ́: lágbájá jẹ tàmẹ̀dò tó báyìí. Nígbà tí owó jáde padà, a ṣe ìṣirò, gbogbo rẹ̀ sì yanjú láìsí ìjà. Ìyẹn náà kì í ṣe owó tí a fọwọ́ kà. Àjọ tí àwọn ìyá wa ti ń dá láti ọjọ́ pípẹ́, bákan náà ni: o kó owó rẹ lé alájọ lọ́wọ́, o padà sílé pẹ̀lú àmì lórí káàdì. Nítorí náà kì í ṣe pé a kò mọ owó tí kò sí lọ́wọ́. A mọ̀ ọ́n dáadáa. Ṣùgbọ́n ti àjọ àti ti àwìn, a mọ ẹni tí a ó bi. Bí àmì kò bá pé, ìsọ̀ alájọ la ó lọ dúró sí.

ÀṢÌṢE TIWA

Lẹ́yìn tí ìyà yẹn tán, àwa ìgbìmọ̀ sọ pé kò gbọdọ̀ bá wa láìmúra mọ́. A ní kí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ lọ ṣí àkáǹtì, ì báà jẹ́ ní báǹkì, ì báà jẹ́ ti orí fóònù bí OPay, PalmPay tàbí Moniepoint. Ọ̀rọ̀ tó dáa ni. Bí a ṣe ṣe é ni kò dáa.

Ọjọ́ kan ṣoṣo la pè àwọn tó ń ṣí àkáǹtì wá sọ́jà. Ìlà gùn, oòrùn mú. Àwọn ìyá wa tí kò mọ̀wé ń pẹ́ lórí fóònù. Àwa ìgbìmọ̀ ló sọ pé kí ẹni tó bá ní ọmọ tàbí ọmọ ọmọ nítòsí pè é wá, kó bá wọn tẹ̀ ẹ́. Àwọn ọmọ dé, wọ́n tẹ fóònù, wọ́n tẹ nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ tí wọ́n ń pè ní PIN. Ìlà yára. A pàtẹ́wọ́ fún ara wa.

Ìyá kan wà nínú wa, ìrẹsì Ọ̀fàdà ló ń tà. A kò ní dárúkọ wọn, àwọn fúnra wọn ló sì ní ká sọ ọ́. Màmá yìí kò lọ sílé ìwé rárá. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ti tu ₦5,000 jọ, wọ́n á gbé e fún oní-POS kó bá wọn fi sí àkáǹtì. Tí wọ́n bá délé, wọ́n á mú ẹyọ àgbàdo kan, wọ́n á jù ú sínú agolo mílíìkì. Ọmọ ọmọ wọn tó bá wọn ṣí àkáǹtì ló ń ka alert fún wọn. Gbogbo ìgbà ló ń sọ pé, "Màmá, ó ti wọlé."

Nígbà tí ìrẹsì tuntun jáde, màmá fẹ́ lọ ra ọjà. Wọ́n ní kí wọ́n fún wọn lówó, oní-POS ní owó inú àkáǹtì kò tó. Wọ́n gbé agolo wá bá wa ní ọ́fíìsì ẹgbẹ́. Wọ́n da àgbàdo sórí tábìlì. A kà á, ẹyọ 31. Ìyẹn ₦155,000. A bá wọn lọ sí báǹkì, wọ́n tẹ ìwé ìṣirò àkáǹtì jáde. Owó tó wọlé jẹ́ ọ̀nà 31, ₦5,000 lọ́nà kọ̀ọ̀kan, kò yẹ̀ níbì kan. Ṣùgbọ́n ₦68,200 ló kù. ₦86,800 ti jáde, ₦1,000 lónìí, ₦2,000 lọ́la, sí ibi tí wọ́n ti ń ta tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù.

Màmá kò pariwo. Wọ́n kàn ń tẹ ìka mọ́ àgbàdo yẹn, wọ́n ní, "Àgbàdo mi pé. Owó yín ni kò pé."

Ẹ̀yin èèyàn wa, a kò rí èsì fún wọn. Obìnrin tí a rò pé kò mọ̀wé, ìwé rẹ̀ ló tọ̀nà jù ní ọjọ́ yẹn. Àwa tí a mọ̀wé, àwa la fi kọ́kọ́rọ́ àpótí rẹ̀ lé ọmọ lọ́wọ́ torí pé ìlà gùn. Wọ́n tún sọ ohun kan tí a kò lè gbàgbé. Wọ́n ní, "Láti ọmọdé mi ni mo ti ń ka owó mi fúnra mi. Láti ìgbà tẹ́ ẹ ti ní kí n wọ inú ayé tuntun, àwọn ọmọ ló ń kà á fún mi."

A kò pe ọlọ́pàá, màmá kò fẹ́ kí ọmọ náà tẹ́. Àwa ìgbìmọ̀ dá ₦43,400, ìdajì owó náà, láti inú àpò ara wa, torí ẹ̀bi tiwa ló kọ́kọ́ ṣí ilẹ̀kùn. Ọmọ náà ń ru àpò ìrẹsì lọ́dọ̀ àwọn onírẹsì títí ó fi san ìdajì yòókù tán. Màmá ra ọjà wọn, ṣùgbọ́n ó pẹ́ kí wọ́n tó rí i rà, ó sì ti wọ́n sí i.

ALERT TÓ JẸ́ IRỌ́, ÀTI OLÓÒÓTỌ́ TÍ A DÁ DÚRÓ

Nǹkan mìíràn wà tó yẹ ká sọ. Ẹnì kan nínú wa gbé àpò ìrẹsì méjì fún oníbàárà kan ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí ọjà ń tú. Ọkùnrin náà wọṣọ gidi, ó fi fóònù rẹ̀ hàn án, ó ní, "Ẹ wò ó, mo ti san án." Orúkọ wà níbẹ̀, iye owó wà níbẹ̀, àmì tó pé wà níbẹ̀. Wọ́n bá a gbé ọjà sínú bùútù. Títí di òní, owó yẹn kò wọlé. Ohun tó wà lójú fóònù oníbàárà, àwòrán ni. Owó rẹ kò sí nínú fóònù ẹlòmíràn, inú àkáǹtì tìrẹ ló wà. Alert orí fóònù tìrẹ pàápàá, àwọn ọ̀bàyéjẹ́ ti mọ bí wọ́n ṣe ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ṣe ayédèrú rẹ̀. Iye tó kù nínú àkáǹtì rẹ gan-an ni kó o wò, kí ọjà tó kúrò nílẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, ẹ̀rù wọ̀ wá. Ẹ̀rù náà sì mú wa ṣe ohun tí kò dára. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ra epo, ó fi owó ránṣẹ́, owó kò wọlé. A dá a dúró fún wákàtí méjì, àwọn kan ti ń pè é ní olè, wọ́n gba báàgì rẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, owó wọlé. Olóòótọ́ ni. A wá a kàn, a bẹ̀ ẹ́, a dá báàgì rẹ̀ padà, ó dárí jì wá. Ṣùgbọ́n kò ra ọjà lọ́dọ̀ wa mọ́, àwa náà sì mọ ìdí. Bí owó kò bá tíì wọlé, ẹ kọ orúkọ oníbàárà, ẹ kọ àkókò àti iye, ẹ fi ọjà pamọ́ fún un, kó lọ kó padà wá. Ẹ má ṣe gbé ọjà fún un, ẹ má sì ṣe fi orúkọ burúkú pè é.

ṢÉ KÁ PADÀ SÍDÌÍ OWÓ KÍKÀ NÁÀ NI?

Àwọn ìyá wa á ní, "Ṣé ẹ rí i? A ti sọ fún yín." Ẹ má bínú sí wa, a kò lè padà tán. Ẹ rántí ẹni tó ń di owó mọ́dìí lọ sí Mile 12 ní ìdájí, tí àyà rẹ̀ ń já ní gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ bá dẹwọ́. Ẹ rántí ilé tó jóná pẹ̀lú owó tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Owó inú àkáǹtì kì í jóná.

Kì í sì í ṣe àwa nìkan ló dé bá. Ní oṣù kẹta ọdún 2007, ilé-iṣẹ́ Safaricom gbé M-Pesa jáde ní Kenya, tí ẹni tí kò ní àkáǹtì báǹkì fi ń rán owó lórí fóònù kékeré. Ní Tógò, tí kò jìnnà sí wa, nígbà àrùn Kòrónà ní oṣù kẹrin ọdún 2020, ìjọba rán owó tí wọ́n pè ní Novissi sórí fóònù àwọn tí iṣẹ́ òòjọ́ wọn dúró. Wọ́n fún obìnrin ní 12,250 sẹ́fà lóṣù, wọ́n fún ọkùnrin ní 10,500, torí obìnrin ló sábà ń gbọ́ bùkátà oúnjẹ ilé. Kò sí ọ̀gá kankan láàárín tí yóò bu díẹ̀ nínú rẹ̀ kó tó dé ọwọ́ wọn. Ẹ ò rí i pé ire wà níbẹ̀?

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ṣírò ohun tó ń ná wa. Ẹni tó bá ń gba ₦10,000 lọ́dọ̀ oní-POS lẹ́ẹ̀márùn-ún lọ́sẹ̀, tí wọ́n ń yọ ₦200 lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ₦1,000 ló ń lọ lọ́sẹ̀. Ọ̀sẹ̀ 52 ló wà nínú ọdún. ₦52,000 nìyẹn. Ẹ fi ₦50 tí wọ́n ń yọ lórí owó tó bá tó ₦10,000 sókè tí a bá fi ránṣẹ́ kún un. Owó orí ìsọ̀ ni èyí o, a kàn ń san án láìmọ̀ ni. Ẹni tí oníbàárà ti san owó sí àkáǹtì rẹ̀, kí ló dé tó tún ń sáré lọ gbà á jáde lọ́dọ̀ POS, kó tó fi ra ọjà lọ́wọ́ ẹni tí òun náà ní àkáǹtì? Ẹ bi ẹni tí ẹ ń rajà lọ́wọ́ rẹ̀ kẹ́ ẹ tó ná owó POS. Àgbẹ̀ tí kò ní, ọlọ́kadà tí kò gbà, ẹ mú owó kíkà díẹ̀ dání fún wọn. Kò sẹ́ni tó ní kí ẹ rin ọjà lọ́wọ́ òfo.

OHUN TÍ A Ń DÁBÀÁ

Nítorí náà, èyí ni ìmọ̀ràn ìgbìmọ̀ kí a tó dìbò.

Èkíní, kí ẹgbẹ́ gba transfer, kó sì tún máa gba owó kíkà. Ẹni tó bá wù láti kó owó wá sórí tábìlì, kó máa kó o wá títí ayé rẹ̀. Kò ní sí ẹni tí yóò fi í ṣe yẹ̀yẹ́, kò sì ní san owó ìtanràn.

Èkejì, inú àkáǹtì tó ń jẹ́ orúkọ ẹgbẹ́ nìkan ni owó ẹgbẹ́ yóò máa lọ. Bí akọ̀wé, akápò tàbí ààrẹ bá fún yín ní nọ́ńbà àkáǹtì ara rẹ̀, ẹ má san án, ẹ pariwo. A fi ara wa sí i.

Ẹ̀kẹta, transfer tí ẹ bá fi ránṣẹ́ kò tíì jẹ́ owó ìfipamọ́ yín, àfi tí a bá kọ ọ́ sínú páásíbúùkù yín lójú yín. Láti ìgbà tí òfin àkọ́kọ́ lórí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ti jáde ní Nàìjíríà lọ́dún 1935 ni ìwé ìṣirò ti jẹ́ ẹ̀yìn ẹgbẹ́ bíi tiwa. Fóònù kò pa ìwé rẹ́.

Ẹ̀kẹrin, ní ìpàdé oṣooṣù, a ó máa ka ìwé ìṣirò báǹkì ẹgbẹ́ sókè ní èdè Yorùbá, kí ẹni tí kò lè kà á gbọ́ ọ. Ẹni tó ní àgbàdo nínú agolo, kó gbé agolo rẹ̀ wá. Ẹni tó ń so okùn ní kókó, kó mú okùn rẹ̀ wá. Ẹni tó ń fi ẹfun sàmì sára ògiri, kó ka àmì rẹ̀ kó tó wá. A ó fi tiwa wé tiyín. Bí wọn kò bá dọ́gba, ìwé tiwa la ó kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Ẹ̀karùn-ún, a ó máa jókòó ní ọ́fíìsì ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun lẹ́yìn ọjà, láti bá ẹnikẹ́ni ka alert tàbí ìwé báǹkì rẹ̀. Kíkà nìkan o. Bó bá kan PIN, a ó kọ́ ọ, òun fúnra rẹ̀ ni yóò tẹ̀ ẹ́, àwa yóò sì kọjú sí ògiri. Nọ́ńbà mẹ́rin ni. Ẹni tó lè rántí ọjọ́ ìbí ọmọ mẹ́fà àti gbèsè oníbàárà ogún lè rántí nọ́ńbà mẹ́rin. Ẹ má sọ ọ́ fún ọmọ, ẹ má sọ ọ́ fún ọkọ, ẹ má sọ ọ́ fún ẹni tó bá pè yín lórí fóònù tó ní báǹkì lòun ti ń pè. Báǹkì kò nílò rẹ̀ lẹ́nu yín.

Ẹ jẹ́ kí a jẹ́ ojú fún ara wa, ṣùgbọ́n kí a má ṣe jẹ́ ọwọ́ fún ara wa. Ojú la fi ń bá èèyàn ka owó, ọwọ́ la fi ń mú un.

Màmá onírẹsì wà lórí ìjókòó níwájú yìí, ẹ̀yin tí ẹ bá mọ̀ wọ́n ti mọ̀ wọ́n. Wọ́n ti kọ́ PIN tiwọn. Ó gbà wọ́n ní Ìṣẹ́gun mẹ́rin. Síbẹ̀, wọn kò tíì ju agolo mílíìkì yẹn nù, a sì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má jù ú nù. Ọjọ́ tí fóònù bá kú, tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá lọ, tí ìwé báǹkì bá ṣìnà, a ó tún nílò ẹni tí yóò da àgbàdo sórí tábìlì, tí yóò sì lè sọ fún wa pé tòun pé.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ ká rí àdánù. Ọjà á tà, owó á wọlé, a ó sì mọ iye rẹ̀.